Àṣà àti Ìtàn nínú Ìwé Johnson: Ohun tí ó Ń Sọnù nínú Kíláàsì

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọmọ ilé-ìwé òde òní kò bá ìgbà Àtìbà, kò sì bá ìgbà Kúrunmí. Ohun tí olùkọ́ bá sọ fún un àti ohun tí ó bá kà nínú ìwé ni àrọ́bá tirẹ̀. Nítorí náà ó tọ́ kí wọ́n yẹ irú àrọ́bá bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní kí wọ́n tó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ìtàn ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá dá lórí àṣà àwọn ará àtijọ́ yóò ṣàkíyèsí ohun kan. Bí ẹ̀kọ́ bá kan ogun, ọdún a máa pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá kan àṣà, ọdún a pòórá. Wọn a ní báyìí ni Yorùbá ṣe ń gbéyàwó, báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ọba jẹ, báyìí ni wọ́n ṣe ń sìnkú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé láti ìgbà wo, ní ìlú wo, àti títí di ìgbà wo.

Àbùkù yìí kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Ó ní orísun nínú ìwé, kò sì sí ìwé tí ó ní ipa lórí ẹ̀kọ́ ìtàn Yorùbá tó èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Sàró ni wọ́n ti bí Johnson ní ọdún 1846, ó sì ka ara rẹ̀ sí ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ó ṣiṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn ìránṣẹ́ tí ó rìn síwá sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ ogun títí tí wọ́n fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 ní ìgbà ogun Kírìjì. Ọdún 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1901. Ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ sọnù sí ọwọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, kí ó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921.

Ohun tí ó mú Johnson kọ ìwé yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń ronú nípa kíláàsì ìtàn. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ó kédàárò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yorùbá mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ bàbá wọn. Ó wá tọ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ lọ, ó sì tọ àwọn àgbààgbà tí ó fi ojú rí ogun lọ, irú bí David Kúkọ̀mí ní Ìbàdàn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún un ni ìbá bá wọn wọ ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àríwísí ìwé náà ní láti kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í dí ojú. Ọ̀nà méjì ni Johnson pín ìwé rẹ̀ sí. Ní Apá Kìíní ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn náà, èdè wọn, ẹ̀sìn, ìjọba, orúkọ, ìlú, òfin ilẹ̀, àti ìṣe òun àṣà wọn. Ní Apá Kejì ó gbé ìtàn kalẹ̀ láti orí àwọn ọba ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dé ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Bí ilé oníyàrá méjì ni ìwé náà rí: àṣà jókòó sí iyàrá kan, ogun àti ìṣèlú jókòó sí èkejì, ògiri sì wà láàárín wọn. Nínú iyàrá kìíní, ó ṣọ̀wọ́n kí ohun kan bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó parí. Nínú iyàrá kejì, àwọn ènìyàn ń jà, wọ́n ń kú, ìlú ń tú, ìlú ń dó. Òǹkàwé tí kò bá ṣọ́ra yóò rò pé gbogbo ìjà tí ó wà ní iyàrá kejì kò mi ohunkóhun ní iyàrá kìíní.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ń kọ̀wé nígbà náà. Ní ọdún 1924, A. K. Ajísafẹ́ tẹ ìwé kan jáde lórí òfin àti àṣà àwọn Yorùbá, ní ọ̀tọ̀ sí ìwé tí ó kọ lórí ìtàn Abẹ́òkúta. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn àgbà òǹkọ̀wé wọ̀nyí ń sáré gba àṣà sílẹ̀ kí ó má baà parun, ẹni tí ó sì ń gba ẹrù sílẹ̀ lọ́wọ́ iná kì í dúró béèrè ọdún tí wọ́n ra ẹrù náà. Àmọ́ iná ti kú, ẹrù náà sì ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kàn ni kí wọ́n yẹ ẹrù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíláàsì ìtàn ni ó sì yẹ kí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó láti fi ohun tí ó ń sọnù hàn, inú ìwé Johnson fúnra rẹ̀ ni ó sì wà. Bí ó ti ń ṣàlàyé ìjọba Ọ̀yọ́ ní Apá Kìíní, ó dé orí Àrẹ̀mọ, àkọ́bí Aláàfin. Gbogbo ọmọ tí ó ti kọ́ nípa Ọ̀yọ́ ni ó mọ̀ pé Àrẹ̀mọ a máa bá Aláàfin kú. Nínú ìwé tí ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan ni: bàbá kú, ọmọ bá a lọ, àṣà wọn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Johnson kọ kò mọ níbẹ̀. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Àrẹ̀mọ ni ó ń jẹ ọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bàbá a máa fi í ṣe igbákejì kí ó lè kọ́ iṣẹ́ ọba. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kánjú kí ó sì gé ẹ̀mí bàbá rẹ̀ kúrú. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe òfin pé bí Àrẹ̀mọ bá ti bá bàbá rẹ̀ jọba, kí ó bá a kú. Òfin yìí ni Aláàfin Àtìbà fagi lé ní ọdún 1858 nítorí Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù.

Ní ojú ìwé yìí, Johnson fúnra rẹ̀ fọ́ ògiri tí ó mọ. Àṣà tí kíláàsì ń kà bí ẹni pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìdí, ó sì ní òpin. Kì í ṣe ìwà òkùnkùn tí kò ní ìdí. Ọgbọ́n ìlú ni, ọgbọ́n líle, tí wọ́n fi dáàbò bo ẹ̀mí ọba lọ́wọ́ ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí ọmọ ilé-ìwé bá mọ èyí, kò ní ṣe ẹlẹ́yà, kò sì ní fi ojú ẹ̀rù nìkan wo ọ̀rọ̀ náà. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ohun tí ó le nínú ìjọba ènìyàn: báwo ni alágbára ṣe lè tọ́ àrólé rẹ̀ láìkọ́ ọ ní ọ̀nà tí yóò fi pa á?

Ó yẹ kí òǹkàwé wá kọjá sí Apá Kejì báyìí, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀jẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú ní nǹkan bí ọdún 1836. Àtìbà ti dó sí Àgọ́ Ọjà, ibi tí ó di Ọ̀yọ́ òde òní. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àwọn Ìbàdàn gbà fún Àtìbà pé Adélù ni yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀. Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Adélù gun orí ìtẹ́, Kúrunmí sì sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n ní ọba, nítorí ó lòdì sí àṣà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá sì wá ran Ìjàyè lọ́wọ́. Ìyàn mú gan-an nínú Ìjàyè. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, ìlú rẹ̀ sì tú ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1862.

Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní Apá Kejì nìkan, ọmọ yóò rí ogun láàárín olórí kunkun kan àti àwọn ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá kọ́ ọ ní Apá Kìíní nìkan, yóò rí àṣà burúkú kan tí ó ti kọjá. Bí ó bá so méjèèjì pọ̀ ni òtítọ́ tí ó wúwo jù yóò hàn: àṣà tí Kúrunmí ń jà fún gẹ́gẹ́ bí ti àwọn baba ńlá kì í ṣe àṣà tí ó pẹ́ jù. Bí ọ̀rọ̀ Johnson bá jẹ́ òtítọ́, Àtìbà tí ó sọ pé kí ọmọ jẹ lẹ́yìn bàbá ni ó padà sí ọ̀nà àtijọ́, Kúrunmí ni ó sì ń gbèjà àtúnṣe tí ó dé lẹ́yìn. Ẹni méjèèjì ni ó lè na ọwọ́ sí ẹ̀yìn kí ó sì ní àwọn baba ńlá wà lẹ́yìn òun. Síbẹ̀, Kúrunmí fúnra rẹ̀ kì í ṣe olórí tí àṣà àtijọ́ gbé jókòó. Ogun ni ó gbé e dé Ìjàyè, agbára ni ó sì fi ń ṣe àkóso ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Wọn kò gbọdọ̀ ti ibí yìí sọ pé Àrẹ̀mọ nìkan ni ó fa ogun náà. Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń bá ara wọn díje tipẹ́tipẹ́ lórí agbára àti lórí àwọn ìlú tí ó wà ní abẹ́ Ọ̀yọ́. J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith fi ìwé odidi kan ṣàlàyé irú ogun bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1964, tí ogun Ìjàyè sì gba ipò pàtàkì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí kíláàsì gbà. Ẹni tí ó ń du agbára kì í sábà wí pé agbára ni òun ń dù. Àṣà ni ó máa ń pè é. Ọmọ tí kò bá tí ì kọ́ láti béèrè ọjọ́ orí àṣà kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé àti ẹni tí ó fi ilé bojú.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni ó pàdé ọ̀rọ̀ yìí nínú eré oníṣe tí Ọlá Rótìmí pè ní Kurunmi, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1971, kí wọ́n tó pàdé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn. Eré náà dára, ó sì mú kí ọ̀rọ̀ tí ó ti kú dìde. Nínú rẹ̀, Kúrunmí dúró bí òpó tí kò ní tẹ̀, tí ó ń gbèjà ohun tí àwọn àtẹ̀yìnwá fi lélẹ̀. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé eré ni èyí, nítorí ó dájú pé ẹni tí ó bá ń jà tọkàntọkàn gba ohun tí ó ń wí gbọ́. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá gba ìgbàgbọ́ ẹni inú eré gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa ìgbà àtijọ́. Iṣẹ́ eré ni kí ó jẹ́ kí àánú Kúrunmí ṣe òǹwòran. Iṣẹ́ ìtàn ni kí ó béèrè bóyá òtítọ́ ni ohun tí Kúrunmí sọ. Olùkọ́ tí ó bá kó méjèèjì wọ inú kíláàsì, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn, yóò ti ṣe ju kí ó pe ọgọ́rùn-ún àṣà fún ọmọ láti há sórí.

Àwọn kan yóò ní bí wọ́n bá fi ọjọ́ orí sí ara àṣà, iyì rẹ̀ yóò dínkù. Ohun tí ilẹ̀ Ifẹ̀ fi hàn tako èyí. Nínú kíláàsì, wọ́n ń kọ́ ọmọ pé ọba Yorùbá a máa dé adé ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀kọ́ náà a sì parí síbẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius ti ilẹ̀ Jámánì dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun, ó sì rí àwọn ère Ifẹ̀. Àmọ́ kò lè gbà pé àwọn tí ó bá nílẹ̀ ni ó ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àlọ́ àwọn Gíríìkì, ni ó kó o wá. Láìpẹ́ sí ìsinsìnyí, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú ilẹ̀ Igbó Olókun, wọ́n sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000. Àyẹ̀wò dígí náà fi hàn pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é láti inú èròjà ilẹ̀ ibẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wẹẹrẹ aláwọ̀ púpọ̀ tí ó kún ara àwọn adé tí ọmọ ń rí nínú àwòrán lónìí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun. Láti Yúróòpù ni àwọn oníṣòwò ti ń kó irú rẹ̀ wá. Àwọn oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Yorùbá gbà á, wọ́n sì fi í ṣe ohun tí kò sí ní Yúróòpù. Èwo ni ó ní iyì jù nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì: èyí tí ó wí pé ọba a máa dé adé ìlẹ̀kẹ̀, tàbí èyí tí ó fi hàn pé àwọn ènìyàn kan yọ́ dígí fúnra wọn, pé nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè dé, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn? Ohun tí ó sọ Frobenius nù ni èrò pé àwọn tí ó bá nílẹ̀ kò lè ti ní ìtàn mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ó ń fi ojú rí. Ìyá kan náà ni ó bí èrò yìí àti àṣà tí kò ní ọdún. Johnson náà kọsẹ̀ ní ẹ̀bá ibẹ̀, nígbà tí ó lọ wá orísun Yorùbá dé ìhà Íjíbítì, bí ẹni pé ohun tí ó bá ti òkèèrè wá nìkan ni ó lè jẹ́ àgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Láti ọdún ilé-ìwé 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2022. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó la ilé-ìwé kọjá láàárín ìgbà náà láìgbọ́ orúkọ Kúrunmí. Inú gbogbo ènìyàn dùn pé ìtàn padà. Ó kù kí wọ́n béèrè irú ìtàn tí ó padà. Bí ó bá jẹ́ pé àkójọ àṣà tí kò ní ọdún ni, ọ̀nà méjì péré ni yóò ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tí ó kọ́ ọ. Yálà kí ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, kí ó sì máa fi wí fún àwọn ẹlòmíràn pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tàbí kí ó da gbogbo rẹ̀ nù gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò bá ìgbà mu. Ọ̀nà kẹta, tí Àtìbà tọ̀, tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe òfin Àrẹ̀mọ náà sì tọ̀, kò ní hàn sí i láé: pé àwọn ènìyàn a máa jókòó, a máa gbìmọ̀, a sì máa tún àṣà wọn ṣe, nígbà mìíràn fún rere, nígbà mìíràn pẹ̀lú ewu.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kò pọ̀. Bí àṣà kan bá délẹ̀ nínú kíláàsì, ìbéèrè mẹ́ta tó: ta ni ó sọ ọ́, ní ìgbà wo ni ó rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó sì ń jẹ́ àǹfààní rẹ̀? Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àrọ́bá yóò fún ènìyàn ní ọdún. Bí ó bá sọ ọba tí ó wà lórí ìtẹ́, ó ti tó ìbẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan ni Yorùbá. Láti ẹnu àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni púpọ̀ ohun tí Johnson kọ ti wá, ọmọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú tí ó bá kà á ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìlú tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá padà sílé lọ bi ìyá bàbá rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe gbé e níyàwó, tí ó sì fi ìdáhùn náà wé ohun tí ó wà nínú ìwé, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí Johnson ṣe lọ́dọ̀ àwọn arọ́kin.

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò ní parun. Iṣẹ́ Johnson wà títí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ Yorùbá kò lè yà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò béèrè pé kí wọ́n kà á bí ẹni ń ka òfin. Apá Kìíní rẹ̀ ń retí Apá Kejì, Apá Kejì sì ń dáhùn ohun tí Apá Kìíní fi sílẹ̀. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwọn tí ó ni àwọn àṣà wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ wọ́n sínú ìwé. Ó yẹ kí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ wọn náà mọ̀ ọ́n.